Ta Ló Wà Láàárín? Bí A Ṣe Lè Mọ Owó Tó Ń Wọlé fún Ìdílé Lábúlé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan àtijọ́ pè mí. Ó wà lára àwọn tó ń ṣètò owó ìrànwọ́ fún Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside. Wọ́n fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún ìdílé níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ó wá ní kí n bá àwọn túmọ̀ ìbéèrè wọn sí Yorùbá. Mo ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí ju ìtumọ̀ lọ." Àlàyé tí mo ṣe fún un rèé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé márùn-ún fi ṣàpẹẹrẹ. Lóṣù, ọ̀kan ń rí 20,000 náírà, èkejì 30,000, ẹ̀kẹta 40,000, ẹ̀kẹrin 60,000. Tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ni ìkarùn-ún, wọ́n ń rí 850,000. Bí ẹ bá pa á pọ̀, mílíọ̀nù kan ni. Ẹ pín in dọ́gba, 200,000 ló máa kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ta ló wá ń rí 200,000 níbẹ̀? Kò sí! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, ìdílé kẹta ló wà láàárín: 40,000. Iye àárín yìí ló sọ bí nǹkan ṣe rí fún ọ̀pọ̀. Láti 1982 ni yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni tó bá kàn pín in dọ́gba, owó oṣù àwa olùkọ́ ló máa bo àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́lẹ̀.

Kí tiẹ̀ ni ìdílé? Nínú agbo ilé kan, bàbá lè ní ìyàwó méjì, kí ìyá kọ̀ọ̀kan máa dáná tirẹ̀, kí ó máa ta obì tirẹ̀, kí owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kà wọ́n sí ìdílé kan, iye àárín á fò sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lówó sí i. Ohun tí mo ní kí wọ́n bi wọ́n ni pé: "Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan?"

Ìbéèrè owó gan-an wá ńkọ́? Nígbà kan tí mo lọ gba ẹ̀ka èdè wọn sílẹ̀ ní Ogun Waterside, mo bi bàbá apẹja kan pé èló ló ń wọlé fún wọn lóṣù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, odò kì í san owó oṣù." Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ kòkó náà lówó lọ́wọ́ nígbà ìkórè, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí kòkó bá tán. Bẹ́ẹ̀ a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ta ló fẹ́ ka owó rẹ̀ fún àlejò? Ìdí nìyẹn tí National Bureau of Statistics fi ń béèrè ohun tí èèyàn ná àti ohun tó jẹ, títí kan èyí tó ti oko rẹ̀ wá. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti 2018/19 ni wọ́n fi gé ààlà òṣì sí 137,430 náírà fún ẹnì kan lọ́dún. Nínú ìwádìí wọn mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010/11, ìdílé kan náà ni wọ́n ń padà sí, lẹ́yìn ìgbà gbíngbìn àti lẹ́yìn ìkórè.

Ó wá ku ti ọdún dé ọdún. Galletti, Baldwin àti Dina ti wádìí owó àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó Yorùbá ní 1951 sí 1952. Ìwé wọn, Nigerian Cocoa Farmers, jáde ní 1956. Pọ́n-ùn ni owó ìgbà yẹn. Ní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn nìkan kò tó. Ẹ fi kóńgò gààrí wò ó. Ká ní 40,000 ni ìdílé kan ń rí nígbà tí kóńgò jẹ́ 200 náírà, 200 kóńgò ni. Bí ó bá wá ń rí 120,000 nígbà tí kóńgò di 1,500, 80 kóńgò péré ni. Owó di ìlọ́po mẹ́ta, oúnjẹ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni pé ìwádìí ìjọba lè sọ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn lápapọ̀, àmọ́ àwọn tí wọ́n bá bi léèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ kan kì í tó nǹkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn kò bá pọ̀, Census Bureau máa ń pa èsì ọdún márùn-ún pọ̀. Ètò wọn mìíràn sì ń fi àkọsílẹ̀ owó orí kún un, kí county kọ̀ọ̀kan lè ní iye àárín tirẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn apẹja wa kò sí nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó hàn síta la máa lò: irú òrùlé, ọ̀kadà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ìwádìí ìpínlẹ̀ á fi bí ìdílé tó ní irú nǹkan báwọ̀nyí ṣe ń náwó hàn wá, a ó wá fi ìyẹn díwọ̀n ti Àbígí àti Ìwópin.

Ìdíwọ̀n sì ni o. Mo ní kí ó má kọ iye kan ṣoṣo. Kí ó kọ ọ́ pé "láti iye báyìí dé iye báyìí". Bí wọ́n bá gbé 200,000 tàbí iye gbogbo ìpínlẹ̀ lọ síwájú àwọn tó ń pín owó, wọ́n á ní ara tu gbogbo wọn, owó á gba ibòmíràn lọ. Bàbá apẹja yẹn kò ní mọ̀ láé pé ìṣirò ló jẹ òun níyà.