Ìwà Àdámọ́ Ajá àti Ètò Ẹ̀yìnkùlé: Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìperí Kan

1. Ìfáárà

Ajá ti di ẹran ilé kí àgùntàn, ewúrẹ́ àti màlúù tó di ẹran ilé. Ní ọdún 1758 ni Carl Linnaeus fún un ní orúkọ Canis familiaris nínú ètò ìsọrí àwọn ohun ẹlẹ́mìí. Nígbà àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ajá ọdẹ a máa bá olówó rẹ̀ wọ igbó, ajá ilé a sì máa rìn káàkiri àdúgbò. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ajá ni a há mọ́ ẹ̀yìnkùlé tí a mọ ògiri yí ká. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá gbẹ́ ilẹ̀, tí ó tọ̀ sí ìdí ọ̀gbìn, tí ó sì ń sáré lọ sáré bọ̀ létí ògiri, “ìbàjẹ́” tàbí “oríkunkun” ni àwọn onílé sábà máa ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dá ajá lẹ́bi, wọn kò sì ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe. Pàṣán àti ẹ̀wọ̀n ni ó máa ń tẹ̀ lé irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀.

2. Ìwà àdámọ́ àti ìwà àkọ́ṣe

Ìwà àdámọ́ ni ìṣesí tí a bí mọ́ ẹranko. Ìwà àkọ́ṣe ni èyí tí ó kọ́ lọ́dọ̀ ènìyàn tàbí nípa ìrírí. Kí ajá jókòó nígbà tí a bá pàṣẹ fún un, ìwà àkọ́ṣe ni; kí ó gbẹ́ ilẹ̀, ìwà àdámọ́ ni. A lè darí ìwà àdámọ́ sí ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n a kò lè fi pàṣán lé e lọ. Lórí èyí ni ètò ẹ̀yìnkùlé dúró lé.

3. Sàkáání, ọ̀nà ìṣọ́ àti àmì òórùn

Sàkáání ajá ni gbogbo ilẹ̀ tí ó ń ṣọ́. A lè pè é ní “ilẹ̀ ìní”, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà “ìní” mú ẹ̀tọ́ òfin lọ́wọ́, èyí tí kò kan ẹranko. Ajá a máa rìn yí etí sàkáání rẹ̀ po. Ipa tí ìrìn yìí ń fà sílẹ̀ ni ọ̀nà ìṣọ́. Ẹni tí ó gbin ẹ̀fọ́ mọ́ ìdí ògiri gan-an ti gbìn ín sójú ọ̀nà ìṣọ́, ajá yóò sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ó tọ́ kí a fi àyè tí ó tó ìdajì mítà, ó kéré tán, sílẹ̀ láàárín ògiri àti ọ̀gbìn.

Àmì òórùn ni ìtọ̀ tí ajá ń dà sí ara ohun tí ó nàró, bí òpó tàbí ìdí igi. Ìròyìn ni ó fi ń sílẹ̀ fún àwọn ajá mìíràn. Náítrójìn inú ìtọ̀ náà a sì máa jó koríko. Nítorí náà, kí a ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní igun tí ó jìnnà sí ọgbà ẹ̀fọ́, kí a sì fi ibẹ̀ mọ ajá lára. Igun yìí kan náà ni kí ó máa yàgbẹ́ sí, kí a sì máa kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́, nítorí pé ẹyin aràn inú rẹ̀ lè ṣe ọmọdé tí ń fi erùpẹ̀ ṣeré ní ibi.

4. Ìgbẹ́lẹ̀

A ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí nípa fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- mọ́ àpólà ìṣe “gbẹ́ ilẹ̀”. Ajá a máa gbẹ́ ilẹ̀ láti fi oúnjẹ pamọ́, láti lé ẹran bí òkété jáde nínú ihò, àti láti wá erùpẹ̀ tútù. Ìdí kẹta yìí ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ olóoru. Ìwọ̀n ooru ara ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bí 38.3 sí 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni kì í làágùn bí ènìyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni òógùn rẹ̀ ti ń jáde. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ni ó fi ń tu ara rẹ̀ jù lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bá ajá nínú kòtò lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Bí a bá da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, a ti gba ìtura yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ni ojú ìgbẹ́lẹ̀, tí a ṣẹ̀dá bí “ojúbọ”, níbi tí “ojú” ti dúró fún ibi tí a ti ń ṣe nǹkan. Lábẹ́ ibòji, bí ìdí máńgòrò, kí a tú ilẹ̀ tí ó gùn tó mítà méjì, tí ó fẹ̀ tó mítà kan, kí a po yanrìn mọ́ ọn, kí a sì ri ohun tí ajá fẹ́ràn mọ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí omi mímu má sì jìnnà sí i.

5. Ewu inú ọgbà

Àwọn kan ń fi bọ̀tujẹ̀ (Jatropha curcas) ṣọgbà. Làrà (Ricinus communis) a sì máa hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Májèlé wà nínú èso àwọn méjèèjì. Níwọ̀n bí ajá ti máa ń fi ẹnu tọ́ nǹkan wò, kí a fà wọ́n tu.

6. Ìgúnlẹ̀

Ajá tí a so mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò ní ọ̀nà ìṣọ́, kò ní ojú ìgbẹ́lẹ̀, kò sì ní àyè láti sá fún ohun tí ó dẹ́rù bà á. Irú rẹ̀ a máa tètè bu ènìyàn jẹ. Bí ẹ̀yìnkùlé ti wù kí ó dára tó, kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nítorí pé láti ẹnu ajá ni àrùn náà ti ń ran ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ń pa lágbàáyé. Ó yẹ kí àwọn oníṣègùn ẹran àti àwọn olùkọ́ mú àwọn ọ̀rọ̀ ìperí wọ̀nyí lò. Onílé tí a sọ fún pé ajá rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ yóò wá pàṣán. Èyí tí a sọ fún pé ajá rẹ̀ ń wá ojú ìgbẹ́lẹ̀ yóò wá ọkọ́.