Nígbà tí Aró Di Ẹlẹ́sẹ̀ Àlùkò: Ohun tó ń Sọ Àwọ̀ Dà Nílé Ìtẹ̀wé

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìgbéyàwó wáyé ní Ìgangan nígbà tí páálí káàdì ìpè dé láti Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó fẹ́ fa ọmọ fọ́kọ, yọ ẹyọ kan jáde, ó gbé e lé orí gèlè aṣọ ẹbí tó wà lórí àga, ó sì wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ní: “Aró ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ fún mi. Ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò ni wọ́n gbé wá yìí.”

Kò parọ́. Gèlè náà jẹ́ búlúù tó ń dán gbinrin, irú èyí tí àwọn aláṣọ ń pè ní róyà búlúù. Káàdì ní tirẹ̀ ti pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀ọ́dúnrún káàdì ni, a sì ti san owó wọn tán. Òǹtẹ̀wé ní ohun tí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù lòun tẹ̀. Ìyàwó ojú ọ̀nà ń sunkún. Àwọn àgbà ní kí á gba owó wa padà. Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá ni wọ́n ní kí n lọ bá wọn yanjú rẹ̀, bí ẹni pé ìwé kíkà àti ìwé títẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọ ọkọ̀, tí mo gba Igbó-Ọrà àti Èrúwà dé Ìbàdàn.

Òǹtẹ̀wé náà, àgbà ọkùnrin kan tí èékánná rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aláró, kò bá mi jà. Ó gba fóònù mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, ó ní: “Àǹtí mi, ẹ wò ó. Èyí ní iná nínú. Èyí kò ní.” Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń ya gbogbo àwọ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn pọ̀ dáadáa, funfun ni ojú wa yóò rí. Ṣùgbọ́n ìwé kì í tan ìmọ́lẹ̀ kankan. Ìmọ́lẹ̀ òde ló ń bà lé e. Yíǹkì a gbé apá kan rẹ̀ mì, apá tó kù a sì padà wá sí ojú wa. Yíǹkì mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò: cyan, tó jọ àyìnrín, magenta, pupa tó ń fà sí pínkì, ìyeyè, àti dúdú. Ẹ̀kán wẹ́wẹ́ ni ẹ̀rọ máa ń tò wọ́n sí ojú ìwé, tí ojú lásán kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí búlúù nínú mẹ́rin yìí. Cyan àti magenta ni wọ́n máa ń pa pọ̀ láti rí i, àpapọ̀ méjèèjì kò sì lè mọ́ tó búlúù tí fóònù ń tàn. Bí magenta bá tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bá cyan dọ́gba, àwọ̀ náà yóò bọ́ sínú ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn: kọ̀ǹpútà ló yí àwọ̀ fáìlì wa padà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, bí cyan rẹ̀ bá wà ní 100, yóò fa magenta sẹ́yìn sí nǹkan bíi 70 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, tàdáwà dúdú lórí ìwé funfun kò lè dá irú ìjà yìí sílẹ̀.

Abẹ́òkúta yẹn náà, tí kò jìnnà sí wa ní Ìbàràpá, ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé àwọ̀ kì í dúró sójú kan. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró a máa ní àwọ̀ ewé lára. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Àwọn ìyá aládìrẹ kì í dájọ́ aṣọ tó ṣì tutù. Yíǹkì náà a máa yí díẹ̀ bó bá gbẹ, pàápàá lórí ìwé tí kò dán, nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń mu yíǹkì; èyí tó ń dán a sì jẹ́ kó dúró lókè.

Àwọn kan a máa sọ pé èdè Yorùbá kò ní orúkọ àwọ̀ tó pọ̀, pé lẹ́yìn funfun, pupa àti dúdú, àfiwé ló kù: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run. N kò rí àbùkù níbẹ̀. Àwọn baba wa kì í pe orúkọ àwọ̀ lásán, nǹkan tí ojú lè rí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìṣòro ibẹ̀ kò ju pé ewé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní 1963, Lawrence Herbert gbé ètò Pantone jáde ní Amẹ́ríkà láti yanjú irú ìṣòro yìí: ìwé tó ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ìwọ̀n yíǹkì tí a ó pò láti rí i. Bí ẹ bá sọ pé 286 lẹ fẹ́, òǹtẹ̀wé Ṣómólú àti ti Jámánì yóò wo ojú kan náà. Lẹ́tà C lára nọ́ńbà ń tọ́ka sí ìwé tó ń dán, U sì wà fún èyí tí kò dán. Ìwé àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ a máa ṣá bó bá pẹ́, nítorí náà ẹ má gba èyí tó ti gbó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n pípo yíǹkì kan lọ́tọ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún káàdì yóò ná wa ní owó pléètì mìíràn àti fífọ ẹ̀rọ. A fẹnu kò sí yíǹkì mẹ́rin náà, kí á dín magenta kù. Ó tẹ búlúù mẹ́ta sórí ìwé káàdì gan-an. Lábẹ́ iná gílóòbù, èyí tó wà láàárín ló bá ìrépé gèlè tí mo mú dání mu. Ó ní kí á jáde síta. Nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, àárín yẹn kọ gèlè sílẹ̀ pátápátá. Ẹnìkẹta ló bá a lọ. Ohun tí a fi pa aṣọ láró kì í ṣe ohun tó wà nínú yíǹkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè bára mu lábẹ́ iná kan, kí wọ́n sì yàtọ̀ lábẹ́ òmíràn. Láwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá, iná kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wíwo àwọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 5000 Kelvin. Àwa lo ojúmọmọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: mo buwọ́ lu ẹnìkẹta, mo kọ ọjọ́ sí i, òun náà buwọ́ lù ú. Àwa ra ìwé, òun fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi lérò pé ìpín náà tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà Ìgangan kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Káàdì tuntun dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé e jáde sí àgbàlá, òun àti gèlè rẹ̀, ó ní kò rí bákan náà tán, ṣùgbọ́n kò ní dójú ti òun. Àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú páálí wọn. Ẹ̀yìn wọn ló fi ń kọ orúkọ àwọn tí kò tíì san owó aṣọ.