Ṣé o mọ̀? Dókítà kíndìnrín ló kọ́kọ́ darí Yunifásítì Ìlọrin

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akinkugbe ni, ọmọ Oǹdó tí wọ́n bí ní 1933. Oxford ni wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1968. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín ni wọ́n gbájú mọ́, nítorí àwọn méjèèjì so mọ́ra: ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín tó ti bàjẹ́ a sì tún mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, nígbà tí aláìsàn kò tíì mọ nǹkan kan lára. Wọ́n tún darí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n padà sí Ìbàdàn láti máa kọ́ àwọn dókítà.