Ọmọ Ajá Nílé Òṣìṣẹ́ Òru

Ìwé ìlàlóye láti ilé ìwòsàn ẹranko, fún gbogbo ẹni tó ń wọṣẹ́ alẹ́

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Nọ́ọ̀sì, onísẹ̀kúrítì, ẹni tó ń yan búrẹ́dì mọ́jú, awakọ̀ tó ń rìn lóru, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọn kì í dákẹ́: ẹ̀yin ni a kọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ra ọmọ ajá nítorí pé ilé máa ń dá lóru, tí ẹ sì fẹ́ ohun tí yóò gbó bí olè bá ń gun ìgànná. Èrò náà kò burú. Àmọ́ ọmọ ajá oṣù 2 kò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Òun gan-an lẹ ó máa ṣọ́ fún oṣù mélòó kan.

Iṣẹ́ òru kò ní kí ẹ má sin ajá. Ohun tó ń ṣe ọmọ ajá ní jàǹbá ni kí oúnjẹ rẹ̀ máà ní àkókò, kí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n kí ó má rí ẹni ṣílẹ̀kùn, kí ó sì dá wà láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ bá ti wá nǹkan ṣe sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ó kù díẹ̀ ni.

Kí ẹ tó mú un wálé

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣeré láì fi eyín ya ara ẹni. Àwọn tó ń tà á létí títì lè sọ pé ó ti dàgbà, kí ó sì má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ipin, imú rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa sun ikun, ìdí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Bí ikùn rẹ̀ bá yọ róńdó, tí egungun ìhà rẹ̀ sì hàn síta, aràn ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ọmọ ajá á ké ní alẹ́ bíi mélòó kan. Aládùúgbò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á ní sùúrù ju ẹni tí ariwo ṣàdéédé jí lọ.

Ìgbà tó dára jù láti mú un wálé ni ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ọ́ọ̀fù yín tàbí ìgbà tí ẹ bá gba ìsinmi ọdún. Ẹ má mú un dé lónìí kí ẹ sì wọṣẹ́ alẹ́ lónìí.

Ta ni yóò wò ó lóru?

Ẹ ka oṣù tó ti lò láyé, kí ẹ fi 1 kún un. Iye wákàtí tí ọmọ ajá lè mú ìtọ̀ mọ́ra kò sábà ju ìyẹn lọ. Ti oṣù 2 lè dúró fún wákàtí 3, ti oṣù 3 fún wákàtí 4. Iṣẹ́ alẹ́ ọ̀pọ̀ nínú yín sì ń lọ sí wákàtí 12, láìka gò-sílóò ojú ọ̀nà. Ìṣirò yẹn kò lè bára mu láì ní olùrànlọ́wọ́.

Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ. Ẹ wá ẹnì kan nínú ilé tàbí ládùúgbò, àbúrò yín, ọmọ onílé tó ti gbọ́n, tàbí ìyá tó ń gbé yàrá kejì, tí yóò yọjú sí i lẹ́ẹ̀mejì: nǹkan bí aago 11 alẹ́ kí ó tó sùn, àti aago 5 ìdájí nígbà tó bá jí. Ìṣẹ́jú 15 ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọmọ ajá dúró ná, tàbí kí ẹ gba ajá tó ti lé lọ́dún kan, tó ti mọ ilé gbé.

Bí ọjọ́ ṣe lè lọ

Àpẹẹrẹ yìí wà fún ẹni tó ń wọṣẹ́ aago 8 alẹ́, tó ń jáde ní aago 8 àárọ̀. Ẹ yí aago rẹ̀ bá iṣẹ́ tiyín mu.

- Aago 9 àárọ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ mú un jáde kí ó tọ̀. Bó bá ti tọ̀ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ àárọ̀, kí ẹ sì bá a ṣeré fún bí ìdajì wákàtí. Eré yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn.
- Aago 10 àárọ̀. Ẹ̀yin àti òun ẹ lọ sùn. Ọmọ ajá ń sun tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́, nítorí náà oorun ọ̀sán kì í ṣe ìyà fún un. Ẹ fa kọ́tìnì, kí yàrá ṣókùnkùn.
- Aago 1 ọ̀sán. Ẹ ṣe álààmù. Ìtọ̀, oúnjẹ kejì, omi tuntun, ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ padà sórí ibùsùn. Ẹ má tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ má bá a ṣeré. Kí ó mọ̀ pé àkókò oorun ṣì ni.
- Aago 5 ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ kẹta. Àsìkò ẹ̀kọ́ nìyí: kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó wá bí ẹ bá pè é, kí ó jókòó. Ìṣẹ́jú 5 lọ́nà mẹ́ta sàn ju ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan.
- Kí ẹ tó jáde. Ẹ mú un tọ̀, ẹ fi í síbi tó ń sùn, kí ẹ sì lọ láìpariwo. Ẹ má dì mọ́ ọn, ẹ má máa ṣ'ó dàbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó máa ké.
- Aago 11 alẹ́. Olùrànlọ́wọ́ yín á mú un jáde, á sì fún un ní oúnjẹ kẹrin, díẹ̀. Ebi wákàtí gígùn kò dára fún ọmọ ajá, pàápàá àwọn tí ara wọn kéré: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lè lọ sílẹ̀, kí wọ́n máa gbọ̀n tàbí kí wọ́n dákú.
- Aago 5 ìdájí. Ìtọ̀ nìkan.

Ní ọjọ́ ọ́ọ̀fù, ẹ̀yin lè sùn lóru bí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ títí di nǹkan bí oṣù 4, ìgbà mẹ́ta títí di oṣù 6, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì.

Ibi tí yóò máa sùn

Ẹ má fi ṣéènì so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ ní òru tí kò sẹ́ni nílé. Ó lè lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Kéèjì dára fún wákàtí díẹ̀, kò dára fún gbogbo òru. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ fi pákó tàbí géètì kékeré dínà igun yàrá kan tàbí kọ́rídọ̀: aṣọ tó máa sùn lé ní apá kan, ìwé ìròyìn àtijọ́ ní apá kejì fún ìtọ̀, àti abọ́ omi tó wúwo tí kò lè dà nù. Ajá kì í fẹ́ dọ̀tí ibi tó ń sùn, á kọ́ láti lọ sórí ìwé náà.

Ẹ ká gbogbo wáyà iná kúrò nílẹ̀. Láti bí oṣù 3 títí dé oṣù 7 ni eyín ọmọ rẹ̀ ń yọ tí tàgbà ń hù, ohun gbogbo ló sì máa ń jẹ. Ẹ fún un ní nǹkan tó le tó lè máa rún, kí bàtà yín lè sinmi.

Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sí fàráńdà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà. Èéfín rẹ̀ ń pa ajá bó ṣe ń pa ènìyàn. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ kún aṣọ rẹ̀. Nígbà ooru, ẹ má tì í mọ́ yàrá onípáànù tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí.

Ẹ fọ aṣọ ìsùn rẹ̀, ẹ sá a gbẹ dáadáa, kí ẹ lọ̀ ọ́. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tó lọ́rinrin àti sórí ilẹ̀ yanrìn tí ìtọ̀ ti rin. Ìdin rẹ̀ á wọ awọ ọmọ ajá, á wú bí eéwo tó ní ihò lórí. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fún un tipátipá. Ẹ gbé e wá.

Oúnjẹ

Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì nìkan kò lè kọ́ egungun ọmọ ajá. Bí ẹ kò bá ní owó oúnjẹ ajá tí wọ́n ń tà nínú àpò, ẹ fi ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè tàbí ẹran sí ìrẹsì rírọ̀ tàbí ẹ̀kọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wa nípa ohun tó yẹ kí ẹ fi kún un. Mílíìkì màlúù sábà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà tàbí aáyù, ṣokoléètì, ọtí, tàbí egungun adìyẹ tí a ti sè. Egungun sísè á fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àti òògùn aràn

- Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8: abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fún parvo, distemper àti àwọn àrùn tó bá wọn rìn. A ó tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16.
- Oṣù 3: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà bí dókítà ẹranko bá ṣe là á sílẹ̀.
- Òògùn aràn: ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lóṣooṣù títí di oṣù 6, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Aràn ajá lè ran ọmọdé inú ilé.

Ọ̀rọ̀ kan fún onísẹ̀kúrítì àti ẹni tó ń rìn lóru: kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bàtà sì lè gbé e wọlé láti ibi tí ajá ìgboro ti yàgbẹ́. Títí abẹ́rẹ́ ọmọ ajá yín yóò fi pé, ẹ bọ́ bàtà iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó gbé e. Ọṣẹ lásán kò pa kòkòrò náà. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 30, ẹ fi nu ilẹ̀ tí ẹ ti kọ́kọ́ fọ̀ mọ́, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ajá tó padà síbẹ̀.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ

Ajá ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú dìgbòlugi tó ń pa ènìyàn láyé, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára, kò sí ìwòsàn tó ṣeé gbọ́kàn lé. Nítorí náà, ẹ má dúró wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi epo, ata tàbí àgúnmu dí i. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́ ibi tó láàbò, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ọjọ́ 28 oṣù September ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Lọ́pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ lásìkò náà.

Ẹ gbé e wá kíákíá bí ẹ bá rí èyí

- Ó ń bì léraléra, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.
- Kò jẹun láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì fẹ́ dìde.
- Èrìgì rẹ̀ funfun. Eégbọn lè ti kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀. Ẹ máa yẹ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́.
- Gìrì ń mú un, tàbí èémí ń ni ín lára.
- Ó jẹ otapiapia, òògùn eku, tàbí eku tó ti jẹ májèlé. Ẹ mú páálí tàbí ìgò rẹ̀ dání.

Ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun: ó lè gba ibi èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen; òògùn ènìyàn wọ̀nyí ń pa ajá. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú pa á lára nítorí èkúrú. Á lá a, á sì wọnú ara rẹ̀.

Nípa ẹ̀yin fúnra yín

Ẹni tí kò sùn kì í ní sùúrù. Bí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́ tí ẹ bá ìtọ̀ nílẹ̀, ẹ nù ún, ó tán. Bí ẹ bá na ọmọ ajá nítorí ìtọ̀ tó ti tọ̀ láti òru, kò ní mọ ohun tí ẹ ń nà án sí. Ohun tí yóò kọ́ ni pé kí ó máa sá fún yín, kí ó sì máa tọ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìwé tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fún olùrànlọ́wọ́ yín

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà:

1. Orúkọ ajá àti oṣù rẹ̀.
2. Ìwọ̀n oúnjẹ aago 11: ẹ kọ ọ́ ní ṣíbí tàbí kọ́ọ̀bù, ẹ má kọ «díẹ̀».
3. Ibi tó ń tọ̀ sí, àti ibi tí okùn rẹ̀ wà.
4. Ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ.
5. Nọ́ńbà fóònù yín, ti ẹnì kejì tó lè wá bí ẹ kò bá lè gbé fóònù níbi iṣẹ́, àti ti ilé ìwòsàn ẹranko.
6. Ibi tí káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, àti owó ọkọ̀ tí ẹ fi sínú rẹ̀.