Aṣọ Àlòkù àti Ìdàgbàsókè Ìlú

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Nínú òwe yìí, àkísà kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ẹ̀rí pé ènìyàn ti pẹ́ láyé ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti lò sẹ́yìn tún lè di ohun mìíràn. Ó lè di owó, owó náà sì lè di kànga, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìgbẹ̀bí. Nínú àròkọ yìí, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bí àwọn ènìyàn ti ń fi aṣọ àlòkù ṣe iṣẹ́ ìlú, ibi tí àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀, èrè tí ó wà nínú rẹ̀, àti ewu tí ó rọ̀ mọ́ ọn, pàápàá jù lọ fún àwa ará Òkè-Ògùn, níbi tí aṣọ híhun gbé jẹ́ iṣẹ́ àbáláyé.

Kò sí ẹni tí ń ná ọjà Ṣakí tàbí ti Ìṣẹ́yìn tí kò mọ òkìríkà. Láti ara Okrika ni orúkọ yìí ti wá, ìlú kan lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn mìíràn a máa pè é ní bọ́síkọ́nà, nítorí pé oníbàárà a máa rọra bọ́ sí kọ́nà kí ojúlùmọ̀ má bàa rí i níbi tí ó gbé ń ṣà á. Ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n ń pè é ní aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà àti Tanzania, mitumba ni, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdì. Orúkọ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń ta aṣọ yìí láti fi bọ́ ara wọn. Ẹgbẹ́ kan fi hàn ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé a tún lè tà á fún àǹfààní ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ìyàn mú ní ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn ará Jámánì ti gba ilẹ̀ náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dínà mọ́ ọkọ̀ tí ìbá kó oúnjẹ lọ. Àwọn ará Oxford kan wá kó ara wọn jọ, wọ́n bẹ ìjọba wọn pé kí ó jẹ́ kí oúnjẹ kọjá. Ẹgbẹ́ náà ni a mọ̀ sí Oxfam lónìí. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ fún àwọn aláìní, ohun tí àwọn ènìyàn kó wá pọ̀ kọjá bí wọ́n ti rò. Kàkà kí ìyókù bàjẹ́, wọ́n ṣí ìsọ̀ kan sí òpópó Broad Street, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀ ní 1948. Láti inú ìsọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìsọ̀ mìíràn ti jáde ní ilẹ̀ Bìrìtéènì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ẹ̀wù òtútù kò wúlò fún ẹni tí ó ń gbé nínú ooru, a kò sì lè fi ṣòkòtò gbẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n owó tí a bá rí lórí ẹ̀wù òtútù lè ra irúgbìn, ó lè ra oògùn, ó sì lè san owó iṣẹ́ fún agbẹ́kànga ní ibikíbi lábẹ́ ọ̀run.

Ní 1949, ní ẹ̀bá ìlú Paris, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan dá ẹgbẹ́ Emmaus sílẹ̀. Àwọn tí kò ní ilé tí kò sì ní iṣẹ́ ni ó kó jọ. Wọn a lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọn a kó aṣọ àti ohun èlò tí àwọn ènìyàn ti pa tì, wọn a tún wọn ṣe, wọn a sì tà wọ́n. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù, wọn a fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí fúnra wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀.

Ẹgbẹ́ yìí ti dé orílẹ̀-èdè Benin tí ó bá wa pààlà, èyí tí à ń pè ní Dahomey títí di 1975. Ní ilẹ̀ náà, lórí adágún Nokoué, àwọn ènìyàn kọ́ ilé wọn sórí òpó igi láàárín omi, bí a ti ń rí i ní Ganvié. Omi yí wọn ká láti òwúrọ̀ di alẹ́, síbẹ̀ èyí tí ó mọ́ tó láti mu ṣọ̀wọ́n fún wọn. Ẹgbẹ́ Emmaus àti àwọn ará adágún náà pawọ́ pọ̀ láti pèsè omi mímu àti ilé ìyàgbẹ́ fún wọn. Lára owó tí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ń rí nínú títa ohun àlòkù ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ní ilẹ̀ Mozambique, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ ADPP, tí a dá sílẹ̀ ní 1982, ń ta aṣọ tí a kó wá láti òkè òkun, ó sì ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níṣẹ́.

Bí a bá dúró níbí, a ó rò pé ire nìkan ni ó wà nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bojú wo Ìṣẹ́yìn. Níbẹ̀, a ń gbọ́ ìró òfì láti agboolé dé agboolé. Àwọn ahunṣọ ìlú yìí ni ó sọ sányán, àlàárì àti ẹtù di ohun tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ahunṣọ ń ra òwú, ó ń bọ́ ọmọ iṣẹ́, ó sì ń lo ọjọ́ púpọ̀ lórí aṣọ kan. Báwo ni yóò ṣe bá ẹ̀wù tí ẹni tí ó ni ín fi tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ díje? Òtítọ́ ni pé a kì í wọ òkìríkà lọ síbi ìgbéyàwó dípò aṣọ òkè. Síbẹ̀, aṣọ ojoojúmọ́ ni ó ń mú owó wọlé fún tẹ́lọ̀ àti fún ilé iṣẹ́ aṣọ, èyí gan-an ni òkìríkà sì ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní 2008, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, Garth Frazer, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ó ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1981 àti 2000, aṣọ àlòkù ló fa nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àdínkù tí ó bá aṣọ rírán ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe òun nìkan ló fà á. Àìsí iná mànàmáná tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé àti aṣọ tuntun olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ilẹ̀ Rwanda gbìyànjú láti dí ọ̀nà náà ní 2016: wọ́n gbé owó ibodè lórí kílò kan kúrò ní sẹ́ǹtì 20, ó di dọ́là 2.50. Ní 2018, Amẹ́ríkà gbẹ̀san nípa fífi owó ibodè lé aṣọ tí Rwanda ń kó lọ sí ilẹ̀ wọn. Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin kò gbà kí a kó wọlé láti òkè òkun. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ìlú tí ó bá fẹ́ ṣe rere kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú iṣẹ́ náà. A kì í fi owó fàyàwọ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì máa kọ́ ọmọ ní òótọ́ nínú rẹ̀.

Kí ni a wá lè ṣe? Aṣọ tí ó ti wà nínú ilé wa kò rú òfin kankan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 100 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣakí mú aṣọ méjì méjì wá láti ilé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí wọn. Aṣọ 200 nìyẹn. Bí 40 nínú wọn bá ti gbó kọjá títà, 160 ni yóò kù. Bí a bá fọ̀ wọ́n, tí a lọ̀ wọ́n, tí a sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní náírà 1,000, a ó rí náírà 160,000. Bí a bá yọ náírà 25,000 fún ọṣẹ, èédú àti owó ọkọ̀, yóò ku náírà 135,000. Owó yìí kò lè kọ́ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó lè tún ẹ̀rọ omi kan tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ náà ti di ńlá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ àyà.

Ohun mẹ́ta ni kí a má ṣe gbàgbé. Èkíní, ìmọ́tótó: a kò gbọdọ̀ ta aṣọ tí a kò fọ̀, a kò sì gbọdọ̀ kó àkísà lé ẹlòmíràn lórí. Ní Accra, èyí tí kò tà nínú òkìríkà ti di pàǹtí tí ó ń dí ojú àgbàrá, tí òkun sì ń gbé jáde sí etí omi. Èkejì, ìṣirò: ẹni tí ó ń tajà kọ́ ni kí ó máa pa owó mọ́, kí a sì ka àkọsílẹ̀ náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Aṣọ tí a fi tọrẹ kò ní iye owó lára, nítorí náà ó rọrùn láti jí owó rẹ̀ ju owó mìíràn lọ. Ẹ̀kẹta, ọlá ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́: ẹni tí ó san náírà 1,000 fún ẹ̀wù kò tọrọ, ó rajà ni, ó sì ti dá owó tirẹ̀ sínú iṣẹ́ ìlú pẹ̀lú.

Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Àwọn tí ó wà lókè òkun lè ràn wá lọ́wọ́, wọ́n sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kànga tí a fi aṣọ ilé wa gbẹ́, a kò ní dúró de àlejò kí a tó tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀wù méjì tí kò wọ̀ mọ́ mú un wá. Kí ẹni tí ó bá sì rí owó ra aṣọ tuntun ní ọjọ́ ọdún rántí pé òfì ń ró ní Ìṣẹ́yìn.