Etí Onídàájọ́: Yíyẹ Ẹ̀rọ Àfibotí Wò fún Iṣẹ́ Ìgbohùnsílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àfibotí mu rẹ́gí. Ẹ̀rọ àfibotí ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí hẹ́dífóònù, tí à ń dé sórí, tí abala rẹ̀ méjèèjì sì ń bo etí ọ̀tún àti etí òsì. Bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ àwọn tí ń tà á, èyí tí ó ń dún kìì-kìì bí ẹni ń gúnyán ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lé e létí. Orí oníbàárà a wú, a sì sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dùn létí lè má jẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí ṣe ìdájọ́, òtítọ́ ni ó yẹ kí ó máa wá, kì í ṣe adùn.

Oríṣìí ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èkínní ni ẹni tí ó jókòó nínú sítúdíò tí ó ń po ohùn pọ̀. Makirofóònù kan lè wà níwájú olórin, kí òmíràn wà níwájú àwọn elégbè, kí ìyáàlù, gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà sì ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti parí iṣẹ́ wọn, ẹni yìí ni yóò pinnu bí ohùn olúkúlùkù yóò ti lọ sókè tó, gẹ́gẹ́ bí alásè ti ń wọn iyọ̀, ata àti epo sínú ọbẹ̀. Èkejì ni olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó gba ìjálá, rárà tàbí oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, tí ó sì fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣe àṣìṣe, ìlù yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ilé tí orin náà yóò wọ̀ tí àṣìṣe ọ̀hún kò ní bá a wọ̀. Bí ẹnì kejì bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, tí àgbà tí ó sọ ọ́ sì ti di ẹni ilẹ̀, ta ni yóò tún bi léèrè?

ORÍṢÌÍ Ẹ̀RỌ MÉJÌ

Ẹ̀rọ àfibotí kì í ṣe nǹkan àná. Ní 1910, Nathaniel Baldwin, ará Utah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà rà láti máa fi gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán gba inú afẹ́fẹ́. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ Eugen Beyer ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, gbé DT 48 jáde. Ní 1958, John Koss ní Milwaukee ṣe èyí tí ó gbé orin sítẹ́rió sí etí ọ̀tún àti ti òsì. Títí di àkókò yìí, ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa dí pa. Ní 1968 ni ilé-iṣẹ́ Sennheiser gbé HD 414 jáde, tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà ni oríṣìí méjì ti wà: ẹlẹ́yìn dídí àti ẹlẹ́yìn ṣíṣí.

Iṣẹ́ tí oríṣìí kọ̀ọ̀kan wà fún yàtọ̀. Ẹlẹ́yìn dídí kì í jẹ́ kí ìró jò síta. Nítorí náà, òun ni olórin ń dé nígbà tí ó bá ń kọrin síwájú makirofóònù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìlù tí ó ń gbọ́ létí yóò jò padà sínú makirofóònù, yóò sì ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Àpẹẹrẹ irú rẹ̀ ni Sony MDR-7506, tí ó jáde ní 1991. Àléébù rẹ̀ ni pé ìró tí kò ríbi jáde a máa ta lura nínú ihò ẹ̀rọ náà, béèsì, èyíinì ni ìró tí ó rinlẹ̀, a sì máa wú ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí, bí i Sennheiser HD 600 tí ó jáde ní 1997, kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ìró inú rẹ̀ a máa fẹjú bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sínú yàrá pẹ̀lú àwọn onílù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà nítòsí yóò máa gbọ́ ohun tí ń dún nínú rẹ̀, ariwo ìta náà yóò sì máa wọlé. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń dún lẹ́yìn fèrèsé, kò lè wúlò. Ẹlẹ́yìn dídí ni ó yẹ ẹni tí ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí ni ó yẹ ẹni tí ń po ohùn pọ̀ nínú yàrá tí ó pa rọ́rọ́.

BÍ ÈKÉ Ẹ̀RỌ ṢE Ń DI ÀṢÌṢE ÈNÌYÀN

Gbígbọ̀n ni ìró. Etí ọ̀dọ́ tí ó pé lè gbọ́ èyí tí ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí ènìyàn bá sì ti ń dàgbà, ti òkè pátápátá ni ó kọ́kọ́ ń sọnù. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ olóòótọ́ ni èyí tí kò fi ojúsàájú hàn sí apá kankan nínú wọn. Èyí tí ń ṣègbè yóò gbé apá kan ga, yóò sì rẹ apá kejì sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé ìdàkejì èké ẹ̀rọ ni àṣìṣe ènìyàn máa ń jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi béèsì kún ìró, ẹni tí ń po ohùn pọ̀ yóò rò pé béèsì ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Nígbà tí orin náà bá dé orí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, yóò gbẹ bí eegun. Bí ẹ̀rọ bá sì ṣe ahun sí ìró tín-ín-rín òkè, tí wọ́n ń pè ní tírẹ́bù, yóò bù ú kún un, ṣaworo ara ìyáàlù yóò sì máa gún àwọn olùgbọ́ létí. Ẹ̀rọ ni ó purọ́. Ènìyàn ni ó gbé irọ́ náà jáde.

Ẹnì kan lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké, ẹ̀rọ òun dára. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo tẹlifóònù àtijọ́, tí kì í gbé ju ìró tí ó wà láàárín 300 sí 3,400 lọ. Ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà ní nǹkan bí 100 sí 150, èyíinì ni pé tẹlifóònù kò gbé e rárá. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ igbá tí a fi ń bu omi lórí tẹlifóònù kí ó pè é ní igba tí à ń kà, tàbí ìgbà tí ń kọjá lọ, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn kì í gbọ̀n ní ẹyọ kan. Èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 a tún máa gbọ̀n ní 200, 300, 400 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ a sì máa ti ibẹ̀ mọ ìpìlẹ̀ tí kò gbọ́. Nítorí náà, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan kò tó láti fi dán ẹ̀rọ wò, nítorí ẹ̀rọ tí kò dára náà lè gbé wọn.

Kọ́ńsónáǹtì ni ó le. Púpọ̀ nínú ariwo /s/ wà lókè 4,000, nígbà tí ti /ṣ/ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò lágbára lókè yóò mú kí "ó sá igi" àti "ó ṣá igi" fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Ẹni tí ó sá igi fi í sínú oòrùn kí ó lè gbẹ. Ẹni tí ó ṣá igi lo àdá. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e yóò gba olùgbọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oríkì, níbi tí orúkọ àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò gbọ́ rí pọ̀ sí, kò sí ohun tí yóò gbà á.

BÍ A TI Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Èkínní: kí ènìyàn lo ohun tí ó mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò gbọ́dọ̀ ní ohùn mẹ́ta lọ́wọ́ ní ó kéré tán: ohùn ẹnì kan ṣoṣo tí ń sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí ó mọ̀ lójúkojú, ti olórin pẹ̀lú elégbè, àti ti ẹgbẹ́ onídùndún. Nínú ti dùndún, kí ó tẹ́tí sí ṣaworo: ǹjẹ́ ó ń dún bí ide, àbí bí iyanrìn tí wọ́n ń yọ̀? Kí ó gbọ́ bóyá gúdúgúdú dá dúró lọ́tọ̀, tí kò wọnú ìyáàlù. Kí ó gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ olórin ṣì yé ni nígbà tí ìyáàlù náà bá ń sọ̀rọ̀, nítorí agbègbè kan náà ni ohùn àwọn méjèèjì ń gbà.

Èkejì: kí gbígbóná ohùn dọ́gba. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi hàn pé etí kì í gbọ́ gbogbo ìró bákan náà. Bí ìró bá ti ń lọ sílẹ̀, béèsì ni ó kọ́kọ́ ń ṣòro láti gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ kan bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ, òun ni etí yóò yàn, bí kò tilẹ̀ dára jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta: kí á má wo orúkọ tàbí iye owó. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ ẹ̀rọ nígbà tí olùgbọ́ bá di ojú. Ní 2017, Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ àfibotí 283. Kò rí i pé bí ẹ̀rọ ti wọ́n tó ní í ṣe pẹ̀lú bí ó ti ń pín ìró láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹ̀rọ bá orí àti iná mu. Bí tìmùtìmù ẹ̀rọ kò bá lẹ̀ mọ́ ara yí etí ká, béèsì yóò jò dànù, pàápàá nínú ẹlẹ́yìn dídí. Apá awò ojú, irun dídì, fìlà tàbí gèlè tí ó bọ́ sábẹ́ rẹ̀ tó láti fa èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tìmùtìmù tí ó ti gbó. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti iná, òǹkà tí wọ́n ń pè ní ohm ń sọ bí ẹ̀rọ ti ń di iná lọ́nà tó. HD 600 jẹ́ 300 ohm, MDR-7506 sì jẹ́ 63. Bí wọ́n bá so èyí tí ó pọ̀ mọ́ fóònù tàbí ẹ̀rọ kékeré, ó lè má gbóhùn sókè tó. Kì í ṣe pé ó burú. Agbára tí ó fẹ́ ni kò rí.

Ẹ̀karùn-ún: kí ó wà lórí fún wákàtí kan. Èyí tí ń fún orí, tàbí tí ń mú etí làágùn, kò ní jẹ́ kí ènìyàn fara balẹ̀ ṣe ìdájọ́.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Bí ẹ̀rọ àfibotí ti wù kí ó dára tó, nǹkan kan wà tí ó kọjá agbára rẹ̀. Nígbà tí sípíkà méjì bá ń dún nínú yàrá, etí kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ méjèèjì. Ti apá kejì a kàn fi ìwọ̀nba díẹ̀ pẹ́ dé ni. Nínú ẹ̀rọ àfibotí, etí ọ̀tún ń gbọ́ ti ọ̀tún nìkan, ti òsì ń gbọ́ ti òsì nìkan. Ìdí nìyí tí orin fi ń dà bí ẹni pé inú orí gan-an ni wọ́n ti ń kọ ọ́, tí ohun tí ó wà lápá kan sì ń jìnnà ju bí yóò ti rí nínú yàrá lọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ẹni tí ó bá po ohùn pọ̀ tún gbé e sórí sípíkà, sórí asọ̀rọ̀mágbèsì kékeré àti sínú ọkọ̀, kí ó tó sọ pé ó parí.

Ohun mìíràn ni ìlera etí. Àjọ NIOSH ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà pé òṣìṣẹ́ lè wà nínú ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 lé e, àkókò náà yóò pín sí méjì: wákàtí 4 ní 88, wákàtí 2 ní 91, wákàtí 1 péré ní 94. Etí tí ó bá bàjẹ́ nípa bẹ́ẹ̀ kì í padà sípò, kò sì sí ẹ̀rọ olówó iyebíye tí yóò wúlò fún onídàájọ́ tí kò gbọ́ràn mọ́.

Níkẹyìn, ẹ̀rọ kan tí ènìyàn mọ ìwà rẹ̀ tinú tẹ̀yìn sàn ju mẹ́wàá tí ó ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé tirẹ̀ a máa fi béèsì kún ìró, yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìdájọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì mọ̀ pé /s/ àti /ṣ/ kì í hàn kedere nínú rẹ̀, yóò fi àmì sí ibi tí ó rú u lójú nínú ìwé rẹ̀, yóò sì padà tọ àgbà lọ láti béèrè nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè.