Bí Ẹni Méjì Bá Jọ Ń Ṣòwò

Ọ̀rọ̀ òwò àjọṣe la fẹ́ sọ lónìí, bí òfin Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀.

Ẹnì kan ní owó, kò lè rin ìrìn ọjà. Èkejì lágbára, ó mọ ọjà, kò lówó. Olówó kó 100.000 sẹ́fà fún un kí ó fi ra àgbàdo. Àwọn alùfáà ń pe irú òwò yìí ní mùdárábà. Àwọn ará Mẹ́kà ti ń ṣe é kí Ìsìláàmù tó dé. Ànábì Muhammad pàápàá ti gbé ọjà Khadija lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù rí, kí ó tó fẹ́ ẹ.

Bí èrè bá wà, ìdá ni wọ́n ń pín. Ó lè jẹ́ ìdajì-ìdajì, tàbí kí ẹnì kan mú ìdá méjì, kí èkejì mú ìdá kan. Kí òwò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti fi ẹnu kò sí i. Olówó kò gbọdọ̀ wí pé: «10.000 ni kí o máa fún mi lóṣù, ì báà tà, ì báà má tà.» Èyí ti fara jọ owó èlé, tí Alùkùráánì kọ̀.

Bí òwò bá bàjẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní kòkòrò jẹ àgbàdo náà, tí owó tí wọ́n rí níbẹ̀ kò ju 60.000 lọ. 40.000 tó ṣòfò, olówó ló ni ín. Ẹni tó ń tà á kò ní san án. Ẹ má sọ pé òun kò pàdánù: gbogbo ìrìn rẹ̀ àti òógùn rẹ̀ ló lọ lásán. Ṣùgbọ́n bí olówó bá ti ní kí ó má tà láwìn, tí ó sì tà láwìn, tàbí tí ó kó àgbàdo síbi tí òjò ń wọ̀, òun ni yóò san án.

Báwo la ó ṣe mọ ohun tí wọ́n jọ sọ? Ìwé ni. Ẹsẹ tó gùn jù nínú Alùkùráánì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè kíkọ sílẹ̀ ló dá lé. Ó ní ká kọ ọ́, ì báà kéré, ì báà pọ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹni tó jẹ gbèsè ni yóò sọ ohun tí akọ̀wé yóò kọ, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jẹ. Èyí dára púpọ̀, nítorí kò ní lè sẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ́la.

Àwa a máa wí pé: «Ọmọ ìyá mi ni, kí la fẹ́ kọ?» Ojú ń tì wá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí, ẹ kọ orúkọ ẹni méjèèjì, iye owó, ọjà tí ẹ fẹ́ rà, ìdá tí oníkálukú yóò mú, ọjọ́ àti ọdún. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí oníkálukú mú ọ̀kan lọ sílé.